Orúkọ Tí Fọ́ọ̀mù Kọ̀

Agogo mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Rovaniemi.
Yìnyín ń já bọ́ lójú fèrèsé bí ìyẹ̀fun tó bọ́ lójú asẹ́.
Èmi Tuulikki, ọmọ apẹja,
iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi
ni kí n máa yọ ilẹ̀kùn lẹ́nu.

Wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan fún àwọn darandaran àríwá:
bí mọ́tò bá pa àgbọ̀nrín rẹ lójú títì,
ya fótò rẹ̀, fi ránṣẹ́, owó rẹ ń bọ̀.
Kí olóòótọ́ kankan tó kan ilẹ̀kùn náà,
èmi ni kí n kọ́kọ́ lọ parọ́ fún un.

Mo gbé fáìlì òfìfo fún un, ó ní òun kì í jẹ afẹ́fẹ́.
Mo gbé èyí tó wúwo bí àpáta fún un,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
ó dé ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún,
ó dákú.
Mo wọ aṣọ fótò fún orin, ó bọ́ ọ láṣọ, ó lé e jáde.
Mo tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ojú ń kán.
Mo yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà tí fáìlì wà lójú ọ̀nà,
mo wá káwọ́ gbera, mo ń wò ó
bó ṣe ń wá ìdajì ara rẹ̀ kiri.

Nígbà tí irọ́ tán lẹ́nu mi, mo mú fótò bàbá mi:
ó jókòó sórí adágún tó dì, ìwọ̀ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀,
ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń yà á.
Ìgbà irinwó ó lé mẹ́tàlá
ni mo taari bàbá mi gba inú ihò yẹn.
Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ;
ilé wo ni mo wò
tí mo fi pe bàbá mi ní "ìdánwò-kan"?
Bí òru bá gàn, sáfà á gbá ìdọ̀tí rẹ̀ dànù,
bàbá á tún kú.
Láàárọ̀, èmi àti ife kọfí mi á tún gbé e dìde.

Gbogbo àpótí di àwọ̀ ewé. Mo kọ ọ́ pé: kò sí àléébù.
Lọ́jọ́ Ajé a ṣí i. Ọ̀gá wa, Urpo, ra kéèkì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan pè láti Utsjoki,
Risten-Ánne. Kò pariwo; ì bá tiẹ̀ pariwo.
"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti fi ránṣẹ́.
Ó ní orúkọ fáìlì mi kò dára."
Orúkọ wo ni?
Ó gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún mi bí ẹni ń gbé ẹyin:
Áhčči.
"Bàbá ni, lédè wa.
Òun ló fọ̀bẹ gé àmì sí etí àgbọ̀nrín yìí
ní ọdún tó lò kẹ́yìn.
Bí mo bá yọ àmì yẹn kúrò, ti ta ni?"
Mi ò mọ̀ bóyá etí ló ń sọ
tàbí lẹ́tà.

Mo ti dán àmì orí lẹ́tà wò, ẹ má rò pé mi ò ṣe é.
Méjì tó wà nínú orúkọ àwọn aládùúgbò mi ni mo dán wò,
mo sì pè é ní gbogbo ayé.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi tún ìlà kan ṣoṣo ṣe.
Ó wọlé lálẹ́ Ẹtì. Kò yẹ kí n ṣí i, mo ṣí i:
kò ya ojú, kò ya ìwo, kò ya ẹ̀jẹ̀.
Etí kan ni, lórí ìbọ̀wọ́ pupa,
pẹ̀lú gígé méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn,
ìka rẹ̀ sì ń gbá yìnyín kúrò lójú wọn
kí a lè kà á.